Ta Ní Kó Sọ̀kalẹ̀?

Ẹ má bínú pé kì í ṣe ewì ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà ni mo gbé wá.

Ní ìpàdé wa kan, ẹnì kan nínú wa ka ewì tuntun. Ewì náà dùn, n kò ní purọ́, ìlù wà nínú rẹ̀. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó dé wíìgì, tó kun àtíkè, tó ń ju ìdí lọ lójú títì. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, tí a dúró lọ́dọ̀ ìyá alákàrà, ọ̀rẹ́ wa kan tó máa ń sọ pé ojú òun là fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Wò ó, èmi ò ní wàhálà pẹ̀lú àwọn géè. Ohun tó bá wu kálukú ni kó ṣe nínú yàrá ẹ̀. Àwọn tó ń wọṣọ obìnrin káàkiri yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ fún wọn. Ká ní àwọn yẹn lè jókòó jẹ́ẹ́ ni, ta ni ì bá yọ àwọn tó kù lẹ́nu?"

Mi ò dá a lóhùn. Àkàrà gbóná lẹ́nu mi, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá bá jà lónìí, kì í ṣe ewì yẹn. Ẹni tó kọ ewì ń wá ẹ̀rín. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nídìí àkàrà rò pé àánú lòun ń ṣe.

Ó sì rò pé òun lòun kọ́kọ́ ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́, orí ìtàgé gbangba sì ni wọ́n ti sọ ọ́ sí obìnrin kan lójú.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú orúkọ. Géè ni ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin. Trans ni ẹni tí agbẹ̀bí wò lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó ní "ọkùnrin ni," ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tàbí kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ọ̀kan dá lórí ẹni tí èèyàn fẹ́ràn, èkejì dá lórí ẹni tí èèyàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kan náà ni ọlọ́pàá máa ń kó wọn sí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Compton's ní San Francisco, ọlọ́pàá kan na ọwọ́ láti fa ọ̀kan nínú àwọn obìnrin trans tó máa ń jẹun níbẹ̀ lóru. Obìnrin náà da kọfí gbígbóná sí i lójú. Ni àwo bá ń fò, ni fèrèsé bá ń fọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, lóru ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1969, ọlọ́pàá New York ya wọ ilé ọtí Stonewall Inn. Ìṣe wọn ni pé ẹni tó bá wọṣọ obìnrin, wọn á mú un wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, kí wọ́n lọ wo abẹ́ aṣọ rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n kọ̀. Ìjà náà ń lọ, ó ń bọ̀, fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ní ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn géè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí máa ń sọ pé Marsha P. Johnson, adúláwọ̀ tó ń dé òdòdó sórí, ló ju òkúta àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí òun tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi irọ́ sílẹ̀, òótọ́ tó wà nílẹ̀ tó wa í jẹ yó. Òótọ́ náà ni pé lọ́dún 1970, Marsha àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sylvia Rivera dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STAR. Wọ́n wá ibi tí àwọn ọmọ tí òbí lé jáde nílé lè sùn. Ibo ni owó ti wá? Ojú títì ni. Àwọn méjèèjì ń lọ dúró lóru kí àwọn ọmọ kéékèèké má baà lọ dúró. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn tí kò nílé ló ń wá ilé fún ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà 1973. Ọdún kẹrin ìrántí Stonewall ni, èrò pé bìbà ní Washington Square Park. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ àwọn géè ti ń ní agbẹjọ́rò, wọ́n ti ń wọ súùtù, wọ́n ti ń bá àwọn olóṣèlú sọ̀rọ̀. Sylvia Rivera fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò fẹ́ kó gorí ìtàgé, tipátipá ló fi gùn ún. Bó ṣe gbé makirofóònù báyìí, wọ́n hó lé e lórí. Àwọn tó jà fún! Kí ló sọ? Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, àwọn tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń fipá bá lò pọ̀, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí STAR tí wọn ò kọ sí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Ìyẹn ni wọ́n hó sí. Jean O'Leary, aṣíwájú àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, náà gorí ìtàgé lọ́jọ́ yẹn, ó ní àwọn ọkùnrin tó ń wọṣọ obìnrin ń fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ ni. (Ó kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu.) Sylvia lọ sílé. STAR kú. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó padà sínú ìjà náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi nídìí àkàrà gan-an nìyẹn: sọ̀kalẹ̀, o ń bà wá lórúkọ jẹ́.

Ṣé ó tán síbẹ̀? Ní oṣù kejì 2002, Sylvia wà lórí ibùsùn ikú ní ọsibítù, ó ṣì ń bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ sọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣe yọ àwọn èèyàn òun kúrò nínú òfin tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpínlẹ̀ New York. Ó kú. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, òfin jáde. Ó dáàbò bo àwọn géè níbi iṣẹ́ àti nílé àyágbé. Àwọn trans ò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù, ó máa kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n ní oṣù kìíní 2019. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù ti ń múra sílẹ̀ fún WAEC.

Ní 2007, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ní Washington ṣe irú ẹ̀ náà, wọ́n yọ àwọn trans kúrò nínú àbá òfin iṣẹ́ kó lè rọrùn láti kọjá. Ó kọjá nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n kò di òfin rárá. Wọ́n ta èèyàn, owó ò wọlé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó fi orúkọ Stonewall yẹn gan-an jẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, 2015 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún àwọn trans. Ní oṣù kejì 2025 ńkọ́? Ìjọba Amẹ́ríkà yọ ọ̀rọ̀ náà, transgender, kúrò lójú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ìtàn ibi ìrántí Stonewall. Nínú ìtàn ìjà tí wọ́n jà!

Ẹ ní Amẹ́ríkà jìnnà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé.

Ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ní ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn, ọdún 10. (Èmi ò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí, ìtàn ni mò ń sọ.) Òfin yẹn ò sọ nǹkan kan nípa aṣọ. Ẹ ká a láti òkè dé ilẹ̀, kò sí wíìgì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2023, ní Ekpan lẹ́bàá Warri, ọlọ́pàá to èèyàn 67 sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà, wọ́n ní ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ni wọ́n ká wọn mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Agbẹnusọ wọn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: wọ́n rí ọkùnrin kan tó wọṣọ obìnrin, wọ́n dá a dúró. Ó ní òṣèré lòun. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti dé òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n mú ní àfihàn aṣọ ni àwọn wá ṣe.

Mo ti gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi: "Ṣé o rí i? Aṣọ ló fà á!"

Ẹ gbọ́ ná. Ní oṣù kẹjọ 2018, ní Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó, ọlọ́pàá mú ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ọjọ́ ìbí ni àwọn ń ṣe. Inú ilé ni wọ́n wà, ìlẹ̀kùn sì wà lẹ́nu ọ̀nà, àbí kí ni ẹ tún ń pè ní jíjókòó jẹ́ẹ́? Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà fà títí di oṣù kẹwàá 2020 kí adájọ́ tó da á nù nítorí pé olùpẹ̀jọ́ ò múra sí i. Ọdún méjì gbáko. Ẹ tún padà sẹ́yìn sí 2004, nígbà tí Bisi Alimi jókòó lọ́dọ̀ Fúnmi Ìyàndá lórí ètò New Dawn ní NTA, tó ní géè lòun. Kì í ṣe aṣọ obìnrin ló kó o sí wàhálà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Ní 2007 wọ́n ká a mọ́lé, wọ́n lù ú, ó sá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ṣebí òkè àjà ló wà fún ìyàwó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ na ìyálé tán, ṣé ó rò pé wọ́n á sun pàṣán náà ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin 2022, aṣòfin kan láti Bauchi gbé àbá wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá pé kí wọ́n fi aṣọ kún òfin 2014 yẹn: ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin, tàbí obìnrin tó wọ tọkùnrin, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn ₦500,000. Àbá náà ò di òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀: ẹni tó bá ń ṣe eré orí ìtàgé tàbí eré ìdárayá fún gbogbo ènìyàn, kò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ìyẹn ni pé bó o bá de gèlè láti pa wá lẹ́rìn-ín, máa ṣe é lọ. Gbogbo àwọn aláwàdà orí fóònù tó ń ró ìró, tó ń ṣe bí ìyá oníyàwó, a ń wò wọ́n, a ń fi ránṣẹ́ sí ara wa. Bó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ni o fi ń wọ̀ ọ́, ẹ̀wọ̀n.

Ẹ má fi Bobrisky dá mi lóhùn pé ó ń rìn fàlàlà. Ní oṣù kẹrin 2024, kóòtù l'Ékòó rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ó ná owó náírà lóde ijó. Owó nínà! Àwa tí a jẹ́ ará Èkìtì, òkú àgbà wo ni wọ́n sin láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò tí wọn ò náwó? Adájọ́ bi í ní kóòtù pé akọ ni àbí abo, ó ní akọ lòun. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdáhùn yẹn ni gbogbo ọgbà wa fi ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló kan náírà nínú ọ̀rọ̀ akọ àti abo.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún géè nílẹ̀ adúláwọ̀ náà ò mọ́ pátápátá. Fún ọdún púpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín kọ́ńdọ̀mù àti oògùn HIV, fáìlì "ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin sùn" ni wọ́n ń kó àwọn obìnrin trans sí. Ẹni tó wá gba ìtọ́jú, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ tó sá fún nílé. Ọdún 2014 ni ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tó yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó dá dúró. Fáìlì lásán, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú fáìlì, kò sí nínú owó, kò sì sí nínú ìpàdé.

Ó wá ku "kì í ṣe àṣà wa." Èyí ni mo kọ́ ní ilé ìwé, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

N kò ní sọ fún yín pé àwọn baba wa ní trans bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹlẹ́gùn Ṣàngó ọkùnrin ń dirun bí obìnrin, wọ́n sì ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé òrìṣà ní ìyàwó. Òótọ́ ni, ó ń dirun, wọ́n sì ń pè é ní ìyàwó, ṣùgbọ́n ó lè délé kó sì bá aya mẹ́ta tirẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀sìn nìyẹn. Ẹ̀pà tiwa níhìn-ín l'Ékìtì ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin ló máa ń ru ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n gbẹ́ sórí igi wíwúwo, ó fò ó, ìlú sì yọ̀. Kò sọ ọ́ di obìnrin. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ kéré, ó sì tó mi: rírí aṣọ obìnrin lára ọkùnrin kì í ṣe ohun tó máa ń mú kí ilẹ̀ Yorùbá gbé òkúta.

Èdè ńkọ́? "Ó dé." Ta ló dé? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Èdè ò bi yín. Ohun tí èdè Yorùbá fẹ́ mọ̀ kó tó yan ọ̀rọ̀ ni pé ṣé ẹni náà jù ọ́ lọ. Bó bá jù ọ́, "wọ́n dé." Òyìnbó ló ń bá ara wọn jà lórí "he" àti "she." A ní ohun tí wọ́n ń wá, a wá ń fi èèbù dí i.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan sí i. Bí a bá pe ẹnì kan ní "obìnrin bí ọkùnrin," oríkì ni. Wọ́n á kì í, orí rẹ̀ á wú. Ẹ wá yí i padà, ẹ pe ẹnì kan ní "ọkùnrin bí obìnrin," ìjà ti dé. Kí ló fà á? Bó bá jẹ́ pé yíyí padà yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀, méjèèjì ì bá jẹ́ èébú. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ rẹ́rìn-ín ewì yẹn lọ́jọ́sí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù. Àwa tí a rẹ́rìn-ín ọkùnrin tó fẹ́ dà bí yín, kí lẹ rò pé a fi yín pè? Ẹni tó sì gbé Diutarónómì 22 ẹsẹ 5 wá bá mi, ẹsẹ yẹn kan náà ni wọ́n fi lé àbúrò mi obìnrin jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì torí ṣòkòtò.

Mo ti sọ púpọ̀. Ó ku ohun tí kò jẹ́ kí n lè gbé àkàrà yẹn mì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, onídìrí kan wà lẹ́bàá ọjà ní Aramọkọ. Ọwọ́ wọn dára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí òun. Wọ́n máa ń ró ìró, wọ́n á fá irùngbọ̀n wọn mọ́lẹ̀ kodoro. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá, àwọn kan ń pè wọ́n ní Àǹtí. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé èwo ni kí n máa pè. Wọ́n ní, "Onídìrí ni kó o máa pè mí. Irun ni mo mọ̀." Wọ́n jù mí lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ "wọ́n." N kò nílò láti mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sí ìsọ̀ wọn nírọ̀lẹ́. Wọ́n ń mu mínírà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀ nípa méjì nínú wọn, torí ọ̀kan nínú wọn ti sọ ọ́ fún mi rí, ó sunkún. Ibẹ̀ nìkan ló ti lè jẹ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìlú.

Mo wà ní SS2 lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá. Mi ò mọ ohun tó fà á, wọ́n ní ẹnì kan sọ pé ẹnì kan rí nǹkan. Wọ́n fa ìró yẹn ya. Wọ́n fi bíléèdì fá orí onídìrí láàárín ọjà, ọ̀sán gangan. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí wọn létí. Ohùn tó ga jù lọ níbẹ̀, ẹni tó ń pariwo "Ẹ fá a dáadáa! Ó ń ba àwọn ọmọ ìlú jẹ́!" ọmọkùnrin tó sunkún níwájú mi yẹn ni. Ojú wa pàdé. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń jù wọ́n sílẹ̀ kí ọkọ̀ tirẹ̀ má baà rì. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé lọ́rùn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín torí pé gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Onídìrí kúrò ní Aramọkọ lóru ọjọ́ yẹn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí i, àwọn ọ̀dọ́ kan náà yí padà sí ọmọkùnrin yẹn. Kò sí wíìgì lórí rẹ̀, kò ró ìró. Ó jókòó jẹ́ẹ́ nílé ìyá rẹ̀.

Ewì tí a rẹ́rìn-ín yẹn wà nínú ìwé yìí, ẹ ṣí i sẹ́yìn díẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, mo sì ti bẹ ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì pé kó má yọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ lè kọ èsì sí mi nínú èyí tó ń bọ̀, àyè wà fún un. Ọ̀rẹ́ mi alákàrà náà lè kọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ́kọ, ó wà ní Ìkọ́gòsì. Ó ní fọ́tò kan lára ògiri rẹ̀, ọjọ́ tó parí ilé ìwé pírámárì: ṣùkú, tó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun gbá yípo. Bí èèyàn bá wo ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà dáadáa, á rí ọwọ́ kan tó mú ìlarun, tí kámẹ́rà gé mọ́ ọrùn ọwọ́.